Fìtílà Àyàn Kò Gbọdọ̀ So

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Ẹ̀yìn Ọjà Takie,
                                                  Ògbómọ̀ṣọ́,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                                  Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá,
                                                  oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọláníyì,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù orí mi kalẹ̀ kí n tó kí ọ, torí tí mo bá fi ìkíni ṣáájú, inú mi á ti rọ̀ kí n tó dé ibi ọ̀rọ̀, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀ báyìí. Fìtílà onígi tí o yí fún mi lórí léètì, ẹ̀rọ ìyígi rẹ, ti dá rúkèrúdò sílẹ̀ nílé àwọn àna mi. Wọ́n ti tú u kúrò lókè àjà. Wọ́n ti fún mi ní orúkọ ìnagijẹ tí mi ò lè gbà láéláé. Àgbà ilé kan ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé, tí orúkọ yẹn bá sì kan etí wọn kí n tó rí nǹkan ṣe sí i, ìyàwó tí ẹ ń múra láti sìn lè má rẹ́ni wá tọrọ rẹ̀ mọ́.

Ta ló mọ̀? Gbogbo wa la mọ̀. Ìwọ mọ̀ pé igi àyàn ni, o tún fi ń fọ́nnu pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń yígi ló lè rí irú rẹ̀ rà. O sì mọ̀ pé Ṣàngó ni wọ́n ń sìn nílé Adébóyè, àfẹ́sọ́nà mi, torí ìṣojú rẹ ni mo ti sọ ọ́ fún Àǹtí Dorcas, ìyá rẹ tó jẹ́ àbúrò màmá mi, tí wọ́n pariwo "Jésù!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n wá ní kò burú, ṣáà ti jẹ́ ọmọlúàbí. Adébóyè mọ irú ìyá tó bí òun. Òun ló sì di àkàbà mú fún oníná tó bá wa so fìtílà náà. Èmi mọ̀ pé síso la máa so ó, torí èmi ni mo ní kí o ṣe é ní èyí tí wọ́n ń so kọ́. Kò sí ẹni tí kò ní èérún ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́. Ẹni tó máa kó èérún náà jọ sójú kan ni a kò rí. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ìmọ̀ ìṣòwò ní yunifásítì, irú èyí gan-an ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá: pé ọ̀rọ̀ á wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, iṣẹ́ á sì bàjẹ́ síbẹ̀.

Ó dáa. Ẹrù ti délẹ̀. Mo kí ọ o, ọmọ ìyá mi. Ẹ kú ìgbà òjò tó kọ̀ tí kò lọ yìí. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Imú rẹ ńkọ́? Ṣé o ti ń fi nǹkan bò ó nígbà tí eruku igi bá ń fò, àbí ó di ìgbà tí mo bá tún fi ọwọ́ ara mi dì í mọ́ ọ lójú? Àǹtí Dorcas ńkọ́, orúnkún tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Bá mi sọ fún wọn pé Ọlọ́run ò ní bínú tí wọ́n bá jókòó kọrin, pàápàá ní àkókò tí wọ́n ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin fún ìkórè yìí. Ẹ kú ìmúra ìkórè o. Dámisí aládùúgbò rẹ tó máa ń yá ọ ní jẹnẹrétọ̀ ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà? Àwa níbí ò yingin. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Takie ń lọ déédéé. Kọ́tìnì ń tà, rọ́ọ̀gì ń tà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń wá ra aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sùn di ọdún tó ń bọ̀. Màmá mi àti Bàbá mi ní kí n kí ọ. Ara dá, ilé tutù, àfi ọ̀rọ̀ fìtílà.

Má bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Mo pè ọ́ títí fóònù fi gbóná mọ́ mi létí. Tí léètì bá ti ń kùn, ìwọ àti fóònù di àjèjì síra yín. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ṣì wà ní àmì kan ṣoṣo di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìdí nìyí tí mo fi rán awakọ̀ tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ní kó fi ìwé náà lé ọ lọ́wọ́, kó sì dúró tì ọ́ títí o fi máa kà á tán. Tó bá ṣì wà níbẹ̀, fún un lómi mu.

Kí n tó sọ ibi, jẹ́ kí n sọ ire. Iṣẹ́ náà dára. Mi ò tíì sọ fún ọ bó ṣe rí lára mi lọ́jọ́ tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì rẹ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí o ń yí i. Igi ń pòyì lójú kan, ìwọ sì kàn ń fi ẹnu irin tọ́ ọ bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. Awọ igi ń ká jáde bí èèpo ọsàn tí ẹni tó mọ ọsàn bó bó láì já. Mo ń béèrè pé ìgbà wo ló máa parí, o ò dá mi lóhùn. O yí ìta rẹ̀ di akèrègbè, o wá kọjú sí inú rẹ̀, ò ń gbẹ́ ẹ, ò ń gbẹ́ ẹ, títí ara rẹ̀ fi fẹ́lẹ́ débi pé nígbà tí o tan gílóòbù sínú rẹ̀, iná gba ara igi jáde, ó pupa rúsúrúsú bí oyin. Mo ti rí ọjà púpọ̀ láyé mi, mi ò rí igi tó ń mọ́lẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé ìyá Adébóyè ni màá gbé e fún. Ìyàwó tó bá mú bisikíìtì lọ kí ìyá ọkọ, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀. Mo fẹ́ nǹkan tí wọn ò ní gbàgbé. Mo rí i.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá la gbé e lọ. Màmá Adébóyè ò sí nílé, wọ́n lọ kí ẹnì kan tó bímọ ládùúgbò. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dé bá a lókè kó yà wọ́n lẹ́nu. Oníná gbá ìkọ́ mọ́ àárín àjà pálọ̀, Adébóyè di àkàbà mú, èmi ń pàṣẹ nísàlẹ̀: ẹ sún un síwájú, ẹ fà á sókè díẹ̀. Nígbà tí Màmá wọlé, iná ti ń tàn, fìtílà ń mì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí ìkọ́, àwọn ará ilé ti pé jọ tí wọ́n ń wò ó. Màmá gbójú sókè, wọ́n patẹ́wọ́. Inú mi dùn dé ìka ẹsẹ̀.

"Ta ló ni iṣẹ́ ọwọ́ yìí?"

"Àbúrò mi ni, Mà. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń gbé."

"Ọwọ́ rẹ̀ ò ní ká o. Irú igi wo nìyí tó ń dán bí idẹ?"

Ọláníyì, ẹ̀mí ọlọ́jà bà lé mi. Bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá di rọ́ọ̀gì mú tí kò tíì sanwó ni mo ṣe sọ ọ́. Mo ní, "Àyàn ni, Mà! Ojúlówó àyàn! A sì so ó kọ́ sókè kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè kọ́kọ́ rí i!"

Màmá sọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń patẹ́wọ́ kalẹ̀.

"Kí lẹ ṣe fún àyàn?"

Mo rò pé etí wọn ò gbọ́ dáadáa ni. Mo gbé ohùn sókè. "A so ó, Mà!"

"Nínú pálọ̀ tèmi?"

"Ní àárín gbùngbùn, Mà!"

Àṣé etí wọn gbọ́. Ṣàngódùnní ni orúkọ Màmá, ọmọ bíbí Ọ̀yọ́ ni wọ́n, inú ìsìn yẹn ni wọ́n bí wọn sí. Ìwọ àti èmi náà kúkú mọ ìtàn náà láti kékeré, inú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tọ́ wa sí ni kò jẹ́ kó sún mọ́ wa lẹ́nu: àwọn ọ̀tá Ṣàngó ní orí igi àyàn ni ọba so sí, àwọn tó ń sìn ín ní irọ́ ni, ọba ò so. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ti ń bá ẹlẹ́gàn jà lé lórí láti ìran dé ìran. Èmi wá gbé àyàn wá sínú ilé wọn, mo so ó, mo tanná sí i kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í, mo tún ń fi ohùn rara kéde rẹ̀.

Màmá dìde. Wọ́n fi ọwọ́ lu àyà. "Ọba ò so!"

Gbogbo ilé dáhùn, "Kò so!"

"Mo ní ọba ò so!"

"Kò so, kò so!"

Mo ti wà lórí eékún mi kí wọ́n tó dé ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo yíjú wo Adébóyè, òun ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ síbẹ̀. Nígbà tó yá tí mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi, ó ní, "Mo rò pé o ti bi Màmá ni." Mo ní ìwọ tó o di àkàbà mú ńkọ́? Ó ní, "Èmi ń wo ẹsẹ̀ oníná kó má bàa ṣubú." Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ nìyẹn o, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Màmá ní kí oníná gun àkàbà padà, kó tú u. Wọ́n gbà á, wọ́n jókòó, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n fi ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ yí i ká bí ẹni ń wẹ orí ọmọ. Wọ́n wò ó títí. Mo ń retí kí wọ́n ní kí n máa gbé e lọ. Ńṣe ni èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tí wọ́n ti ń há mọ́lẹ̀ látìgbà tí mo ti pariwo "àárín gbùngbùn". Wọ́n ní, "Igi ò ṣẹ̀ o. Ẹni tó so ó ló ṣẹ̀. Ìyàwó mi, tó o bá fẹ́ bú mi, o ò bá jẹ́ kí wọ́n sin ọ́ wálé ná!" Wọ́n ní fìtílà náà ò kúrò lọ́dọ̀ àwọn mọ́, pé àwọn ò rí irú ẹwà yẹn lára àyàn rí. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ so. Kí ó dúró. Wọ́n ní ọba a máa dúró, ọba a máa jókòó, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń wí yẹn, kò ṣe é rí.

Ǹ bá ní ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, tí kì í bá ṣe Martha. Martha ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n Adébóyè, òun ni ìyàwó àgbà ilé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí mo ṣe dìde báyìí ló pè mí, "Ìyàwó Asọbakọ́, ẹ kú ìnáwó o!" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó mu omi tán, àwọn ọmọdé ti fi ṣe orin. Asọbakọ́, ẹni tó ń so ọba kọ́. O mọ bí orúkọ ilé ọkọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn. Oníyọ̀ ni wọ́n ń pe Martha fúnra rẹ̀, nítorí ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tó sè nílé náà; ó ti bí ọmọ, àkọ́bí rẹ̀ ti ń ṣe àgùnbánirọ̀, Oníyọ̀ náà ni síbẹ̀. Mo lè gba Oníyọ̀. Èmi ò lè gba Asọbakọ́ nílé oníṢàngó.

Nígbà tí mo ń dágbére, Màmá pè mí sẹ́yìnkùlé, ẹ̀rín ti kúrò lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, èmi ò bínú, mo rí ọkàn rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ṣàngówùnmí, ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé láti wá rí ọ, kí a tó lọ tọrọ rẹ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ. Wọn kì í bá ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré jẹun. Tí wọ́n bá wọlé tí wọ́n bá fìtílà yìí ní ìdúró, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Màá ní ìyàwó wa ló gbé ìmọ́lẹ̀ wá. Tí wọ́n bá bá ìkọ́ òfìfo lókè àjà, wọ́n á béèrè ohun tó wà níbẹ̀, Martha á sì ti dáhùn kí n tó la ẹnu."

Mo ní kí a kúkú yọ ìkọ́ náà. Wọ́n ní, "Ihò rẹ̀ ńkọ́?"

Ṣé o rí i báyìí? Ìtàn méjì ló wà nílẹ̀ nípa èmi kan ṣoṣo, èyí tó bá kọ́kọ́ dé etí Bàbá ló máa bá mi wọlé ọkọ. Ẹnu wọn ló sì máa sọ bóyá wọ́n á wá sílé wa rárá. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ti tọrọ fìtílà náà lọ́wọ́ Màmá fún ọjọ́ kan, mo sì gbé e tọ Israfil lọ, ẹni tó ń fi léètì yí ẹsẹ̀ àga àti òpó àtẹ̀gùn lẹ́yìn Takie.

Mo ní, "Ọ̀gá Israfil, ẹsẹ̀ ni mo wá fún."

"Ẹsẹ̀ àga àbí ẹsẹ̀ tábìlì?"

"Ẹsẹ̀ ọba."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ̀yin obìnrin Takie, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di léètì mú kó má bàa ṣubú. Ó ní mẹlaínà nìkan ló wà nílẹ̀, ìyẹn igi funfun tí wọ́n fi ń ṣe férémù. Mo ní kó ṣe é. Ó de igi mọ́ ẹ̀rọ, ó tan án, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé ọlọ́jà ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà ní títì. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má sáré mi, irin yìí mú ju ẹnu yín lọ." Kò tíì pa ẹnu dé tí irin fi há sínú igi. Igi já kúrò lórí ẹ̀rọ, ó fò kọjá láàárín wa, ó gba ojú ọ̀nà jáde, ó lọ balẹ̀ sínú bàsíà ata obìnrin kan tó ń kọjá lọ sí ibi ìlọta. Obìnrin náà ò tilẹ̀ sá. Ó kàn wo bàsíà, ó wo Israfil, ó ní, "Ṣé mo sọ fún ọ pé ata mi ò ní eegun ni?" A bẹ̀ ẹ́, mo bá a fọ ata, Israfil bu igi mìíràn, mo sì pa ẹnu mi mọ́ títí ó fi parí rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

A gbé e dé ọ̀dọ̀ Màmá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Fìtílà pupa lókè, òpó funfun nísàlẹ̀, bí àgbàlagbà tó wọ agbádá sórí ẹsẹ̀ lékeléke. Ó tún ń mì, torí òpó náà tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ àga. Màmá yí i ká lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹsẹ̀ ta nìyí?"

"Ti fìtílà ni, Mà."

"Rárá o. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ni. Ọba wo ló ń yá ẹsẹ̀ dúró gba àlejò?"

Israfil tó tẹ̀lé mi lọ kò jiyàn. Ó ní òótọ́ ni Màmá sọ, ara igi kan náà ni kí ẹsẹ̀ ti jáde, àti pé àga lòun ń ṣe, àga kì í bá ara wọn jà nítorí àwọ̀. Màmá fún un ní obì, ó mú òpó rẹ̀ padà lọ sílé, ó ní òun á fi í so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ ìyá mi, ọ̀dọ̀ rẹ ni ọ̀rọ̀ padà sí. Ìyókù ìtì àyàn yẹn ṣì wà lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ, níbi tí o ń gbé ẹsẹ̀ lé nígbà tí o bá ń jẹun. Mo rí i lọ́jọ́ tí mo wá, ó ti gbẹ, kò là. Òun ni mo fẹ́. Kì í ṣe àpá, kì í ṣe ìrókò, kì í ṣe ohunkóhun tí wọ́n bá ní ó jọ ọ́. Yí òpó kan nínú rẹ̀: kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ìjẹun kó lè jókòó dáadáa, kí ìbàdí rẹ̀ sún kì, kí ọrùn rẹ̀ gba gílóòbù, kí fìtílà wá dé e lórí bí fìlà. Lu ihò láti orí dé ìdí kí wáyà lè gba inú rẹ̀ kọjá, kó má sì hàn síta. Ihò tí wáyà gbà lókè fìtílà tẹ́lẹ̀, yí ọmọrí kékeré kan fi dí i. Màmá ní ibẹ̀ ni adé yóò wà, nítorí náà má ṣe é bí ìdérí ìgò. Má kun fáníìṣì sí i. Ìda tí o fi pa fìtílà ni kí o fi pa òpó, kí àwọ̀ wọn lè jẹ́ ọ̀kan. Mo ti ya bó ṣe yẹ kó rí, mo fi ìwọ̀n sí i, ó wà nínú àpò ìwé yìí. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn kí n máa yàwòrán fún ọ. Fara dà á.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Wàá ní wọn ò mú iná wá: lọ gba jẹnẹrétọ̀ Dámisí, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí o wá gbé e nígbàkúùgbà. Wàá ní irin rẹ ti kú: Israfil ní òun á bá ọ pọ́n ọn, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà, nítorí náà fúnra rẹ pọ́n ọn. Wàá ní o ní iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹlòmíràn yẹn, ṣé ọ̀la rẹ̀ wà lórí òpó? Wàá ní kánjúkánjú ò bá igi mu. Òótọ́ ni, mo ti rí i nínú bàsíà ata. Ìdí nìyí tí mo fi fún ọ ní ọjọ́ tó tó láti fi ara balẹ̀ ṣe é, tí o bá bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lónìí, Ọláníyì. Kì í ṣe nígbà tí o bá sinmi tán.

Má sì fi í rán awakọ̀. Gbé e wá fúnra rẹ, di í mọ́ra nínú ọkọ̀, kí o sùn mọ́jú Sátidé lọ́dọ̀ wa. Tí Bàbá Ṣàngówùnmí bá béèrè ẹni tó ṣe é, mo fẹ́ kí o wà níbẹ̀ kí o dọ̀bálẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì. Ó lè jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n máa bá ṣàwàdà tí wọ́n bá kọ̀ láti bá mi ṣe é. Mú aṣọ tí kò ní eruku igi wá.

Bá mi kí Àǹtí Dorcas tìfẹ́tìfẹ́. Sọ fún wọn pé kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n má kàn gba ààwẹ̀ nítorí orúnkún wọn; àdúrà nìkan tó. Kí Dámisí, kí o sì dá epo padà sínú jẹnẹrétọ̀ wọn. Adébóyè ní kí n kí ọ, ó ní kí o máa dárí jì í nítorí àkàbà. Màmá Ṣàngódùnní ní kí n sọ fún ọ pé ọwọ́ rẹ ò ní ká.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo fẹ́ rí ọ, kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù, níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Takie. Tí aago bá lù tí mi ò rí ọ, ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ni màá wọ̀, inú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ ni màá sì jókòó sí. Gbé ẹsẹ̀ ọba wá. Má gbé àlàyé wá.

                                                  Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wo ojú ọ̀nà,
                                                  Tèmítáyọ̀.